Ọdún Tó Já Bọ́ Lórí Ilé Wa

Ní iwájú orí ilé bàbá bàbá mi, ní Ọwọ́dé, Ọ̀fà, 1 àti 9 wà níbẹ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì mọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó apá ọmọdé láti ìgbọ̀nwọ́ dé orí ìka. Lẹ́yìn 9 yẹn, òfìfo. Ibi tí nọ́ńbà méjì yòókù wà tẹ́lẹ̀ ti di àpá pupa, amọ̀ abẹ́ rẹ̀ ló yọ síta, aláǹgbá kan sì ti sọ ibẹ̀ di ibi tó ti ń yá oòrùn. Ẹni tó bá dúró lójú títì tó wòkè á rò pé àwa ọmọ ilé kò mọ ìgbà tí wọ́n kọ́ ilé wa. Kò parọ́ mọ́ wa.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní 1936 ni. Àbúrò wọn obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Jọ́ọ̀sì nítorí pé Jọ́ọ̀sì ni wọ́n ti ṣòwò títí ọjọ́ ogbó fi dé, ní 1939 ni, ọdún tí ogun Hítílà bẹ̀rẹ̀, pé ìyá àwọn ló fi ẹnu ara wọn sọ ọ́. Bàbá tèmi ì bá bá wa là á, ṣùgbọ́n wọ́n ti lọ. Nínú àwọn tó bá wọn gbé ilé yẹn dúró, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó ṣẹ́kù.

Èmi ni mo ṣe okùnfà bí ọdún yẹn ṣe já bọ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú yín rìn wọ ọjà ná, màá padà sórí ẹ̀.

Ẹni tó bá wọ Ọwọ́dé lọ́sàn-án, ilẹ̀ lojú ẹ̀ máa wà. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ń fun fèrè lẹ́yìn, ọlọ́kadà ń gba iwájú kọjá, omi ẹja dídì ń ṣàn lọ sínú gọ́tà. Tí ojú bá wà nílẹ̀ báyẹn, gbogbo ilé ló jọra. Oní-POS, kẹ́míìsì, atún-fóònù-ṣe, olókìrìkà, oní-POS mìíràn. Ìgbà tí èèyàn bá gbójú kọjá pátákó aláwọ̀ ìyeyè àti aláwọ̀ ewé wọ̀nyẹn ló máa tó rí i pé ìlú kan tún wà lórí ìlú yìí. Fèrèsé tí orí wọn tẹ̀ bí òṣùmàrè. Òpó rìbìtì tí wọ́n fa ìlà sí lára láti ìsàlẹ̀ dókè, bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí olóólà kò yọ́nú sí. Òdòdó sìmẹ́ǹtì tí kò sí irú ẹ̀ nínú igbó kankan. Lórí ilé kan tí kò jìnnà sí tiwa, kìnnìún méjì dojú kọ ara wọn, ó sì dájú pé ẹni tó mọ wọ́n kò rí kìnnìún rí láyé ẹ̀: ajá ilé wọn ló wò, ó wá fi gọ̀gọ̀ sí i lọ́rùn. Mo fẹ́ràn kìnnìún méjèèjì yẹn ju gbogbo ère tí mo ti rí níwájú báńkì lọ.

Lábẹ́ àwọn òpó yẹn ni àwọn ọlọ́dùnkún ń jókòó sí. Kò sí bí èèyàn ṣe máa dárúkọ Ọ̀fà kó má dárúkọ ọ̀dùnkún. Wọ́n á to ó jọ ní ìdì ìdì, èyí tó tóbi nísàlẹ̀, èyí tó rẹwà lókè, amọ̀ oko ṣì wà lára ẹ̀. Ìyá tó jókòó níwájú ilé tiwa kò san kọ́bọ̀ rí, ìyá rẹ̀ tó jókòó síbẹ̀ ṣáájú rẹ̀ kò san, kò sì sẹ́ni tó bi wọ́n. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé ni, àwọn tó kọ́ ilé ìsọ̀ láyé ìgbà náà sì mọ̀ pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú kì í ṣe ti onílé nìkan. Wọ́n yọ òkè ilé síwájú, wọ́n fi òpó gbé e, abẹ́ rẹ̀ wá di òjìji fún ẹni tó ń tà, ẹni tó ń rà, àti ẹni tí òjò ká mọ́ ọ̀nà. Bí òjò bá dé lójijì, ẹ ó rí ọgbọ̀n èèyàn tí wọn kò mọ ara wọn lábẹ́ ilé wa, wọ́n á máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wá síbi ìsọmọlórúkọ.

Ẹni tó bá ń wá ilé tó ti wà láyé àtijọ́ gan-an ní Ọ̀fà, ìrìn asán ló rìn. Ìyẹ̀rú Ọkín, ọmọ Ọlálọmí, ìlú àtijọ́ ni, ṣùgbọ́n ilé rẹ̀ kì í ṣe ti àtijọ́. Ogun ló fà á. Àwọn ọmọ ogun Ìlọrin dó ti ìlú náà fún ọdún bíi mélòó kan, ó sì tú ní 1890. Àwọn èèyàn fọ́n ká, ọ̀pọ̀ lọ sí Ìkìrun. Ìgbà tí òyìnbó ti ṣẹ́gun Ìlọrin ní 1897 tí ọ̀nà sì ti mọ́ ni wọ́n tó rọ́ padà wálé, wọ́n bá ahoro. Èyí túmọ̀ sí pé ohun gbogbo tí à ń pè ní ilé àtijọ́ lọ́jà wa, ẹni tí ogun ti lé kúrò nílé rí ló kọ́ ọ, tàbí ọmọ rẹ̀. Ìlọrin ni mo ń gbé báyìí o, ọmọ Ìlọrin sì ni ìyàwó mi. Nígbà tí páànù wa bá ń jò, mo máa ń sọ fún un pé àwọn bàbá rẹ̀ ló yẹ kó wá tún un ṣe.

Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ ojú irin dé. Láti Èkó ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í to irin ní 1896, ọkọ̀ ń dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, nígbà tó sì di 1908 ó ti gba Ọ̀fà kọjá dé Ìlọrin. Àwa tí a gbọ́njú bá a, tí reluwé ti di ohun tó máa ń dé nígbà tó bá wù ú, a kì í rántí ohun tó jẹ́ nígbà yẹn. Ohun tó wúwo ni reluwé ń gbé. Ẹrú kò lè ru páànù láti Èkó wá, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kò lè ru àpò sìmẹ́ǹtì tó pọ̀. Ojú irin tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 3 àti íǹṣì 6 péré yẹn ló gbé òrùlé tuntun wọ inú ilẹ̀ wa. Koríko sọ̀kalẹ̀ lórí ilé, páànù gorí rẹ̀, nígbà tí páànù sì ti dé, ilé lè ga, nítorí iná orí koríko kò bani lẹ́rù mọ́.

Èkó náà ni àrà ọ̀hún ti wá. Àwọn Àgùdà, àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil tí wọ́n sì padà sí Èkó ní ọ̀rúndún 19, ni wọ́n mú iṣẹ́ káfíńtà àti iṣẹ́ bíríkìlà irú yẹn bọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rí ọwọ́ wọn gan-an, kó lọ wo Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894. Oníṣòwò tó bá ti Ọ̀fà lọ sí Èkó lọ rajà á rí ilé wọ̀nyẹn, á wò ó títí ọrùn á fi dùn ún, á wá wálé wá sọ fún bíríkìlà rẹ̀ pé, “Ti Èkó ni kó o kọ́ fún mi.” Bíríkìlà yẹn kò dé Èkó rí. Ohun tí oníṣòwò rántí, tó fi ọwọ́ júwe nínú afẹ́fẹ́, ni bíríkìlà mọ. Ibi tí kìnnìún ti di ajá nìyẹn. Àwọn kan máa ń sọ pé àdàkọ ni ilé wọ̀nyí, pé kò sí ohun tiwa níbẹ̀. Kí wọ́n lọ bá mi wá ilé kan ní Brazil tó ní irú òpó tó wà níwájú ilé wa.

Ohun kan tún wà tí mo rò pé ó ju òpó lọ. Ṣáájú ìgbà yẹn, agboolé là ń gbé. Agboolé ní àgbàlá láàárín, yàrá yí i po, orúkọ rẹ̀ sì jẹ́ orúkọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́ dó láti ayébáyé. Kò sẹ́ni tó ń kọ orúkọ sára ògiri, ta ni ò mọ̀ ọ́n? Àwọn ilé ojú ọjà wọ̀nyí ló yí ìyẹn padà. Wọ́n dojú kọ títì. Pásééjì kan la àárín wọn kọjá, yàrá wà lọ́tùn-ún, yàrá wà lósì, ṣọ́ọ̀bù méjì níwájú, àtẹ̀gùn lẹ́yìn. Ẹnì kan ló ni ín, owó tí òun fúnra rẹ̀ rí ni ó fi kọ́ ọ, nítorí náà ó kọ orúkọ ara rẹ̀ síwájú, ó sì kọ ọdún sí i. Ọdún yẹn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán. Ọkùnrin náà ń sọ fún gbogbo ọjà pé ní ọdún báyìí, èmi lágbájá, ọmọ àwọn tí ogun lé, mo ní ilé alájà. Ẹ wá rí i pé ohun tí mo já bọ́ kì í ṣe nǹkan kékeré.

Ìyá àgbà, ìyẹn ìyá bàbá mi, máa ń sọ bí wọ́n ṣe mọ ọ́n. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, lẹ́yìn tí wọ́n ti kórè tán. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìnkùlé, wọ́n bu omi sí i, àwọn ọ̀dọ́kùnrin ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, àwọn obìnrin ń pọn omi láti odò. Wọ́n á bò ó mọ́lẹ̀ kó sùn mọ́jú, wọ́n á tún tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kejì, títí amọ̀ á fi máa fà bí iyán. Nígbà náà ni wọ́n á tó rọ ọ́ ní òṣùṣù, ẹni tó wà nílẹ̀ á jù ú, ẹni tó wà lórí ògiri á gbà á. Ìpele kan kì í ga ju orúnkún lọ. Tó bá ti tó bẹ́ẹ̀, wọ́n á fi sílẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan kí oòrùn mú un, kí wọ́n tó gbé ìpele mìíràn lé e. “Ẹni tó bá kánjú, ògiri á jókòó fún un,” ni wọ́n máa ń wí, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín, torí ó dà bíi pé wọ́n mọ ẹni tí ògiri jókòó fún. Odindi ẹ̀ẹ̀rùn kan lọ sórí ìsàlẹ̀, ẹ̀ẹ̀rùn kejì lọ sórí òkè. Ìrókò ni wọ́n fi la àárín.

Mo fi téèpù wọn ògiri yẹn: íǹṣì 18 nísàlẹ̀, 14 lókè. Búlọ́ọ̀kù tí à ń fi kọ́lé lónìí, 9 ni, tàbí 6 tí owó bá há. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, inú fèrèsé ni mo ti máa ń jókòó jẹ gúgúrú, ẹsẹ̀ méjèèjì á wọlé sínú ògiri pátápátá, kò sí ẹni tó máa rí mi láti inú yàrá àyàfi tó bá gbọ́ ariwo ẹnu mi. Ẹ bá mi wá sílé mi ní Ìlọrin ní oṣù Kẹta, kí ẹ fi ọwọ́ kan ògiri yàrá ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́. Ó gbóná bí iná ààrò. Ní ilé Ọ̀fà lọ́jọ́ kan náà, ẹ ó wá aṣọ tí ẹ máa fi bora lójú oorun.

Kùmásí ni owó ilé náà ti wá. Àwọn ará Ọ̀fà, bíi ti Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìnísà, wà lára àwọn tó kún ọjà Gáná láti ìgbà tó ṣì ń jẹ́ Góòlù Kóòsì. Bàbá àgbà ta ìlẹ̀kẹ̀, wọ́n ta aṣọ, wọ́n fi owó ránṣẹ́ díẹ̀díẹ̀. Wọn kò tíì gbé ilé náà tó ọdún mẹ́ta lápapọ̀ tí ikú fi dé. Ìgbà tí ilé yẹn kún jù ni oṣù Kọkànlá ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Busia fún àwọn àjèjì tí kò níwèé ní ọ̀sẹ̀ 2 kí wọ́n fi kúrò ní Gáná. Bàbá mi ní àwọn èèyàn sùn sórí àtẹ̀gùn. Wọ́n ní ẹ̀rọ ìránṣọ 7 ni wọ́n tò sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú, àwọn obìnrin tí wọn kò ní nǹkan mìíràn mọ́ jókòó sídìí rẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba aṣọ ìlú rán. Ọ̀sẹ̀ kan náà tí wọ́n dé. Ohun tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn wà fún nìyẹn.

Ó tó àkókò kí n jẹ́wọ́.

Ní 2014, mo ríṣẹ́ tó san díẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tó wá sí mi lọ́kàn ni pé kí n tún ilé bàbá àgbà ṣe, kí ojú má tì wá mọ́ lọ́jà. Láyé ìgbà tí wọ́n kọ́ ọ, sìmẹ́ǹtì wọ́n. Òkè òkun ló ti ń wá. Ilé iṣẹ́ Ewékorò kò tíì sí, 1960 ni ìyẹn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nítorí náà, ibi tí ojú máa kọ́kọ́ dé nìkan ni wọ́n fi sìmẹ́ǹtì sí: òpó, etí fèrèsé, òdòdó, orúkọ àti ọdún. Ìyókù, amọ̀ ni wọ́n fi rẹ́ ẹ, wọ́n fi ẹfun kùn ún. Ara amọ̀ yẹn ti ń ṣí. Mo pe bíríkìlà kan, mo ní kó fi sìmẹ́ǹtì bo gbogbo ẹ̀, láti ìsàlẹ̀ dé òkè, kó nípọn dáadáa, kó fi wáyà adìyẹ sábẹ́ rẹ̀ kó lè dì mú. Èmi ni mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, orí fóònù, láti Ìlọrin. Ó ṣe é. Ó ṣe é dáadáa pàápàá. A kùn ún ní àwọ̀ kírímù, mo ya fọ́tò, mo gbé e sórí Facebook, àwọn ọmọ Ọ̀fà tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Amẹ́ríkà ṣàdúrà fún mi títí ara mi fi wú.

Òjò kejì kò tíì parí tí ògiri iwájú fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ikùn. Òjò kẹta, lóru ọjọ́ Ẹtì kan, gbogbo awọ sìmẹ́ǹtì tó wà láàárín fèrèsé méjì òkè já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì fa ara amọ̀ tó nípọn tó ọ̀pá ìka lẹ́yìn, ó fa nọ́ńbà méjì lẹ́yìn. Ọpẹ́ ni pé òru ni. Ìdì ọ̀dùnkún ni ì bá já lé, àti ẹni tó ń tà á.

Ọdún méjì gbáko ni mo fi bú bíríkìlà yẹn. Mo ní ó jí sìmẹ́ǹtì mi ni. Ìgbà tí ọ̀rẹ́ mi kan mú bàbá arúgbó kan wá wo ilé náà ni mo tó pa ẹnu mọ́. Ilé amọ̀ ni bàbá yẹn ti ń mọ láti kékeré. Wọn kò bá mi sọ̀rọ̀ kankan tẹ́lẹ̀, wọ́n kàn yọ ọ̀bẹ lápò, wọ́n gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ ibi tí sìmẹ́ǹtì ṣì dì mọ́ nísàlẹ̀, wọ́n fi ìka méjì bọ inú rẹ̀, wọ́n mú amọ̀ jáde. Ó rọ̀. Ó tutù, ó ń lẹ̀ mọ́ ìka bí ẹ̀kọ tí kò tíì dì. Ẹ̀ẹ̀rùn la wà o, oṣù Kìíní, ọyẹ́ ń fẹ́, ètè gbogbo wa ti ya.

“Ẹ fọwọ́ kàn án,” wọ́n ní. Mo fọwọ́ kàn án.

“Ilé yìí ń làágùn,” wọ́n ní, “ẹ wá wọ rénkóòtù fún un.”

Wọ́n ṣàlàyé. Ògiri amọ̀ kò ní ìpìlẹ̀ kọ̀ǹkéré lábẹ́, nítorí náà ó ń fa omi sókè láti ilẹ̀ lójoojúmọ́ ayé, bí òwú àtùpà ṣe ń fa epo. Kì í ṣe àrùn. Bó ṣe ń fà á nísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ara rẹ̀ ń mí i jáde, afẹ́fẹ́ á gbé e lọ, ara ògiri á le bí òkúta. Ìgbà tí mo fi sìmẹ́ǹtì dí gbogbo ihò ara rẹ̀, omi wọlé kò rí ọ̀nà jáde. Páànù tó ti jò létí, tí mi ò tilẹ̀ wò nítorí pé ojú ọ̀nà kò rí i, ń da tirẹ̀ sí i láti òkè. Amọ̀ tó ti le láti ayé bàbá àgbà padà di ohun tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin ń fẹsẹ̀ tẹ̀. Àwọn tí ara ilé wọn ń ṣí tí wọn kò rí owó tún un ṣe, ilé wọn dúró. Èmi tí mo rówó ni mo pa tèmi.

A máa ń pa òwe pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ráyè wọ ọ́. Èmi ni mo fún un lọ́nà.

Láti ìgbà yẹn, mo ti di ẹni tó ń dúró lójú títì tó ń wo ògiri ilé onílé. Ní Ọ̀fà, ní Òmù-Àrán, ní Òró, mo lè sọ fún yín láti inú mọ́tò pé èyí ní sìmẹ́ǹtì tuntun lára, yóò bọ́ láìpẹ́. Mo ti kan ilẹ̀kùn ẹni tí mi ò mọ̀ rí. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n fún mi lómi mu. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n bi mí bóyá ìjọba ló rán mi wá gba owó orí ilé.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe sìmẹ́ǹtì nìkan ló ń pa wọ́n. Ilé ẹbí ni. Bàbá àgbà fẹ́ ìyàwó 4, wọ́n bí ọmọ 17, ẹ ṣírò àwọn ọmọ-ọmọ fúnra yín. Nínú gbogbo wa, kò sí ẹni tí ilé náà jẹ́ tirẹ̀ tó láti fi owó ara rẹ̀ ra páànù, ṣùgbọ́n olúkúlùkù ló ní in tó láti sọ pé kí ẹlòmíì má fọwọ́ kàn án. Ẹ wá gbọ́ wa lórí WhatsApp. Èèyàn púpọ̀ ló wà níbẹ̀. Bí a bá ní ikú ṣẹlẹ̀, gbogbo wọn á dáhùn láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí a bá ní páànù ń jò, ẹ ó rí àmì búlúù méjì, ẹ ò ní gbọ́ ohùn.

Ọkùnrin kan fẹ́ rà á. Ó fẹ́ wó o, kó kọ́ pílásà. Ẹ̀gbọ́n mi kan, ọmọ ìyá kejì, fara mọ́ ọn, ó ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Mo sọ fún un pé ọba ni òwe yẹn ń bá wí, ẹni tó lówó láti tún un kọ́. Inú bí i. Mi ò sì lè dá a lẹ́bi tán, nítorí òun ló wà nítòsí, òun ló ń kó ìdọ̀tí gọ́tà, òun ni àwọn ayálégbé ń pè lóru. Owó ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ ń wọlé, àmọ́ kò sí ẹni tó fẹ́ gba yàrá òkè tí ilé ìwẹ̀ rẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé. Ẹni tó ń gbé Ìlọrin tó ń kọ àròkọ nípa òpó kò ní ẹnu púpọ̀ lọ́dọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo ní sí pílásà kò ju ẹyọ kan lọ. Ẹ lọ dúró níwájú àwọn tó ti wà lọ́jà lọ́jọ́ tí òjò ń rọ̀. Gíláàsì láti ilẹ̀ dókè, àlùmínọ́ọ̀mù, táìsì tó ń yọ̀, irin lójú gbogbo ilẹ̀kùn. Kò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ojú gọ́tà ni ògiri wọn bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí òjò ká mọ́, kó máa jẹ òjò. Ọlọ́dùnkún, ẹ̀ṣọ́ á lé e. A gba ilẹ̀ tó jẹ́ ti gbogbo ìlú lọ́wọ́ ìlú, a fi kún ṣọ́ọ̀bù ẹnì kan, a wá ń pè é ní ìdàgbàsókè.

Àwọn kan á ní kí ìjọba sọ ilé wọ̀nyí di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Wọ́n sọ Ilojo Bar l’Ékòó di bẹ́ẹ̀ ní 1956. Láti 1855 ló ti wà níbẹ̀, ní ojúde Tinúbú, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn Àgùdà gan-an. Wọ́n wó o ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, Èsìẹ́ kò jìnnà, ibẹ̀ ni wọ́n kọ́ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà sí ní 1945 fún àwọn ère òkúta, ó sì yẹ àwọn ère náà. Ilé ìsọ̀ ò fẹ́ irú ẹ̀. Bí kò bá sí ẹni tó ń ta nǹkan lábẹ́ rẹ̀, ẹ kúkú wó o.

Ní ọdún tó kọjá, àwa mẹ́fà péré dáwó. Bàbá arúgbó yẹn ló darí iṣẹ́. Páànù la kọ́kọ́ ṣe, owó tó pọ̀ jù sì lọ síbẹ̀, kò sì sí ẹni tó yìn wá torí kò sí ẹni tó rí i. Lẹ́yìn náà la wá bó rénkóòtù. Wọ́n fi amọ̀ pupa, iyanrìn àti koríko gígé rẹ́ ojú ògiri, lẹ́yìn tí a ti fi sílẹ̀ ní ìhòòhò fún odindi ẹ̀ẹ̀rùn kan kó gbẹ, tí àwọn ọlọ́jà ń bi wá bóyá owó ti tán. Owó tán lóòótọ́ ká tó kan ẹ̀yìn ilé. Ẹ̀yìn ilé ṣì wà nínú sìmẹ́ǹtì mi títí di òní.

Ọjọ́ tí wọ́n dé iwájú orí ilé, ọmọ iṣẹ́ bàbá wà lórí àkàsọ̀ pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì díẹ̀ nínú agolo, ó bojú wolẹ̀ ó béèrè pé, “Kí ni kí n kọ?” Ẹ̀gbọ́n bàbá mi dáhùn, Ìyá Jọ́ọ̀sì dáhùn, lẹ́ẹ̀kan náà. Bí àríyànjiyàn yẹn ṣe ń gbóná ni ọlọ́dùnkún iwájú ilé dìde, ó wọ ẹ̀yìn ìdì rẹ̀ lọ, ó gbé nǹkan kan jáde tó ti fi ń tì abẹ́ tábìlì rẹ̀ tó mì láti ọjọ́ tí ògiri já. Ọ̀kan nínú nọ́ńbà méjì náà ni. Ó dé wálẹ̀ láìfọ́ tán: ikùn rìbìtì kan, pẹ̀lú ìrù kúkúrú tó ti kán. Ìyá Jọ́ọ̀sì gbà á, wọ́n gbé e sókè, ìrù wà nísàlẹ̀: “Ẹ wò ó, 9.” Ẹ̀gbọ́n wọn gbà á lọ́wọ́ wọn, wọ́n yí i po, ìrù lọ sókè: “6 rèé.”

Ọmọ iṣẹ́ sọ̀kalẹ̀. Sìmẹ́ǹtì inú agolo ti ń dì.

Wọ́n ní kí èmi tí mo mọ̀wé máa bá wọn tọ́jú rẹ̀ ná. Orí tábìlì tí mo ti ń kọ èyí ló wà, ní Ìlọrin. Lálẹ́ àná mo gbé e kalẹ̀ bíi 6. Ìyàwó mi nu tábìlì láàárọ̀ yìí, ó ti di 9.